Ìdíje Tí Wọn Ò Gba Ọmọ Mi Sí

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọbìnrin mi nígbà tí ilé ìwé rẹ̀ ní Bolingbrook, tí à ń gbé ní Amẹ́ríkà, kó wọn lọ sí ìlú kékeré kan lápá àríwá Chicago, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní eré sikí. Nígbà tó délé lọ́jọ́ náà, kò tíì bọ́ bàtà tó fi sọ fún èmi àti ìyá rẹ̀ pé òun fẹ́ padà lọ. Ìyá rẹ̀ bi í pé kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ó ní wọ́n máa ń wọ pátákó gígùn méjì mẹ́sẹ̀, wọn a yọ̀ wálẹ̀ láti ibi gíga kan tí yìnyín bò, wọn a sì fò.

Ìyá rẹ̀ ní, "Fò lọ síbo?"

Ó ní, "Síwájú."

Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, iṣẹ́ rẹ̀ sì máa ń bọ́ sí Sátidé, nítorí náà èmi ni mo ń wa ọmọ náà lọ. Bí a bá ti kírun àárọ̀ tán, ojú ọ̀nà ló kàn. Odidi ọdún kan ni mo fi ń wò ó pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Yóò dé akoto lé orí híjáàbù, yóò jókòó sórí igi gbọọrọ tí wọ́n gbé dábùú lókè téńté, yóò máa dúró kí kóòṣì ju ọwọ́ sílẹ̀ fún un. Láti ìsàlẹ̀, mo máa ń rí i tí ètè rẹ̀ ń mì, mo sì mọ̀ pé Bísímílà ló ń kà. Lẹ́yìn náà ni yóò lóṣòó já wálẹ̀, tí yóò dìde ní etí òkè, tí yóò na gbogbo ara rẹ̀ síwájú nínú afẹ́fẹ́, bí ọkùnrin tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí àgbà ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ jìnnà sí i.

Eré tó wá yàn láàyò kì í ṣe fífò nìkan, eré méjì tí wọ́n pa pọ̀ ni. Wọn á kọ́kọ́ fò, wọn á wọn bí oníkálukú ṣe fò jìnnà sí, wọn á sì wo bó ṣe balẹ̀. Nígbà tó bá yá, wọn á tún fi sikí sá eré gígùn gba inú igbó kọjá. Ẹni tó fò dáa jù ló máa kọ́kọ́ gbéra, àwọn yòókù á máa lé e, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ dé òpin ló borí. Kóòṣì wọn, bàbá òyìnbó kan tí eré náà ti ba orúnkún rẹ̀ jẹ́, sọ fún mi pé ẹni tó bá fúyẹ́ tó láti fò kì í sábà lágbára tó láti sáré, ṣùgbọ́n pé méjèèjì ló wà lára ọmọ mi. Ó ní kí n má sọ fún un o, kó má baà wú fùkẹ̀. A ò tíì dé òpópónà márosẹ̀ tí mo fi sọ fún un.

Ó dàgbà sínú eré yẹn. Ọmọkùnrin òyìnbó kan wà tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀, tó máa ń wá jẹun nílé wa. Bí wọ́n bá sáré, ọmọkùnrin náà ló máa ń yá jù. Bí wọ́n bá fò, ọmọ mi ló máa ń jìnnà jù. Àwọn méjèèjì bá wọn dé ilẹ̀ Yúróòpù lọ díje, ọmọ mi láàárín àwọn obìnrin, òun láàárín àwọn ọkùnrin.

Ìdíje kan ló wà tó ga ju gbogbo ìyókù lọ, tí gbogbo ayé máa ń wò lọ́dún mẹ́rin-mẹ́rin. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọkùnrin ti ń ṣe eré alápapọ̀ yìí níbẹ̀. Nínú gbogbo eré yìnyín tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, òun nìkan ṣoṣo ni wọn kò tíì gba obìnrin sí. Gbogbo ẹni tí mo bá pàdé lẹ́sẹ̀ òkè yẹn ló ń sọ pé ó kù díẹ̀, pé wọ́n máa gbà wọ́n lọ́tẹ̀ yìí.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ìròyìn náà dé. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà náà. Mò ń dín dòdò lọ́wọ́, òun jókòó sídìí tábìlì, ó ń wo fóònù rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé. Ó kàn gbé fóònù náà dojú délẹ̀, ó ní, "Wọ́n ní rárá."

Ìyá rẹ̀ bi í pé ta ló ní rárá, ó sì ṣàlàyé pé àwọn tó ni ìdíje náà ló sọ pé àwọn orílẹ̀-èdè tó ní obìnrin nínú eré náà kò pọ̀ tó, àwọn tó ń wò ó kò sì pọ̀ tó.

Ìyá rẹ̀ ní, "Ẹni tí wọn ò jẹ́ kó wọlé, báwo lèèyàn ṣe máa rí i wò?"

Ọmọ mi jẹun, ó fọ abọ́, kò sunkún. Kó tó gòkè lọ, ó sọ fún wa pé òun kò ní fi í sílẹ̀, pé wọ́n lè tún èrò wọn pa. Torí ẹ̀ ló ṣe yan kọ́lẹ́ẹ̀jì tó súnmọ́ ilé, kó lè máa lọ sórí òkè. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, òun ń gbé yàrá tó ti ń gbé láti kékeré, ó ń jí sáré nínú òtútù kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Wọn kò tún èrò kankan pa.

Nígbà tí ọdún ìdíje náà pé, wọ́n yan ọmọkùnrin tó ń jẹun nílé wa pé kó lọ. Ó wá dágbére fún wa, ó sì gbé sikí rẹ̀ dání. Inú gáráàjì ni wọ́n wà nígbà tí mo gbé tíì lọ fún wọn. Ọmọ mi ti dojú sikí náà dé lórí tábìlì, ó ń yọ́ ìda sí i, ó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ láti orí dé ìdí, kó lè máa yọ̀ dáadáa. Ọmọkùnrin náà dúró, ó doríkodò. Ó ní òun mọ̀ pé ọmọ mi ló yẹ kó lọ.

Ọmọ mi kò gbé ojú sókè. Ó ní, "O máa ń yára dìde jù. Dúró dé etí òkè kó o tó dìde."

Omi bọ́ lójú ọmọkùnrin náà. Mo gbé tíì sílẹ̀, mo wọlé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé eré náà sórí tẹlifíṣọ̀n, èmi àti ìyàwó mi jókòó, ọmọ wa kọ̀ kò jókòó. Ẹ̀yìn àga ló dúró sí. Nígbà tó kan ọmọkùnrin náà, mo bojú wẹ̀yìn. Orúnkún ọmọ mi ti tẹ̀, apá rẹ̀ méjèèjì ti na sẹ́yìn, ojú rẹ̀ kò ṣẹ́. Bí ọmọkùnrin náà ṣe dé etí òkè, ọmọ mi dìde lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, nínú pálọ̀ wa, lórí kápẹ́ẹ̀tì. Mi ò rí bí ọmọkùnrin náà ṣe fò. Ọmọ mi ni mò ń wò.

Ẹ̀yìn ni ọmọkùnrin náà wà nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí. Ọmọ mi ní ó gbìyànjú, ó sì gòkè lọ kírun. A gbọ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé, mi ò gbọ́ irú ẹkún bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ìyàwó mi fẹ́ dìde, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní kó jẹ́ kó sun ún. Ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà, ó lọ bá a. Mo gbọ́ tí ẹkún náà di ti ẹni méjì.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó bá mi nínú ọkọ̀ níwájú ilé, ó sọ pé òun ti pe kóòṣì, òun ti sọ fún un pé òun ò ṣe mọ́. Mo ní bóyá ó rẹ̀ ẹ́ ni, kó sinmi díẹ̀.

Ó ní, "Dádì, kì í ṣe ẹsẹ̀ mi ló rẹ̀. Ìdúródè yẹn ló rẹ̀ mí."

Nígbà tó parí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó gba iṣẹ́ ní Texas, ó sì kó lọ. Ní mọ́ṣáláṣí, àwọn ọ̀rẹ́ mi ń bá mi dúpẹ́ pé ọmọ ti jáwọ́ nínú eré tó lè ṣẹ́ ẹ lọ́rùn, pé ó ti ríṣẹ́ gidi. Mo ń ṣe àmín. Ó máa ń pè wá dáadáa, a máa ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ, oòrùn ibẹ̀, àti ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá rẹ̀. A kì í sọ ti òkè.

Ní Sátidé kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí, mo wakọ̀ lọ síbẹ̀ fúnra mi. Bí kò bá sí yìnyín, wọ́n máa ń tẹ́ ike sójú òkè náà, wọn a fi omi rin ín, àwọn ọmọ a máa fò lórí rẹ̀. Kóòṣì rí mi, ó dì mọ́ mi, ó béèrè ọmọ mi. Mo ní ara rẹ̀ le. Ó mi orí, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Obìnrin kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi mí pé èwo ni tèmi nínú àwọn ọmọ náà. Mo ní tèmi ti dàgbà. Ó ní ṣé ó ṣì ń fò, mo ní rárá. Ó wá nawọ́ sókè, ó fi ọmọbìnrin kékeré kan hàn mí tó jókòó sórí igi, ó ní tòun nìyẹn, eré alápapọ̀ ló fẹ́ràn. Ó ní wọ́n ń sọ pé wọ́n máa gba àwọn obìnrin láìpẹ́.

Mo ní, "Kí Ọlọ́run jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀."

Ọmọ náà fò. Ó balẹ̀ dáadáa. Ìyá rẹ̀ pàtẹ́wọ́, èmi náà pàtẹ́wọ́, mo sì kúrò níbẹ̀ kó tó tún gun òkè.