Akàn Tí Wọ́n Gbà ní Ọlọ́dẹ

Bí mo bá rí ẹja nínú àpótí gíláàsì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ọ̀wọ̀ ni mo máa ń rántí. Wọ́n máa ń kí ẹja mẹ́fà tí wọ́n ń sìn ní pálọ̀ kí wọ́n tó kí ìyàwó wọn láàárọ̀.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n mú akàn bọ̀ láti odò kan ní Ute, wọ́n jù ú sáàárín ẹja. Wọ́n ní, "Ọlọ́dẹ ni mo gbà fún wọn."

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹja ku méjì.

Ìyàwó wọn ní, "Akàn yín ló ń jẹ wọ́n."

"Má purọ́ mọ́ ọn! Ojú ẹ̀ ò jọ ti olè."

Wọ́n tọwọ́ bọ omi láti pa á lẹ́rìn-ín. Akàn gbá àtàǹpàkò wọn mú, wọ́n sì figbe ta.

Lálẹ́, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń fa ẹsẹ̀ akàn mu nínú ọbẹ̀.

Wọ́n ní, "Ìyà ni mo fi ń jẹ ẹ́."