Ẹ̀gbọ́n Tí Kò Gbà Kí N Jẹ́ Ẹgbẹ́ Wọn

Láti ọwọ́ Táyọ̀, oníṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì òdìkejì títì

Háà! Ẹ̀gbọ́n Olúwọlé, ẹ ti lọ nìyẹn? Ó wá di ẹsẹ̀ Jésù kí a tó tún fojú kan ara wa! Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ abẹ́ Olósunta, akọni tí ń bínú tẹ̀ríntẹ̀rín. Mo ní kí n sunkún, ẹ̀rín ló gbẹnu mi, nítorí ìjà wa ni mo rántí.

Iṣẹ́ kan náà ni àwa méjèèjì ń ṣe: à ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì fún ará ìlú. Títì kan péré ló là wá láàárín, síbẹ̀ wáyà wa kò kan ara wọn, àfi ní Èkó. Àwọn olùkọ́ ń lo tiyín, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lo tèmi. Bí olùkọ́ bá fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́, ẹ̀kọ́ náà á kọ́kọ́ lọ kí Èkó kí ó tó padà wá sí òdìkejì títì. Kí ó tó dé, ọmọ ti sùn lọ. Àwọn oníbàárà mi ń sá lọ, ilé iṣẹ́ mi sì fẹ́ kógbá sílé.

Mo wá bá yín ní pálọ̀, mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀ kí a so wáyà pọ̀. Orúkọ tí àwa oníṣẹ́ yìí ń fi Gẹ̀ẹ́sì pe irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ mú ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ dání, ni èmi ọlọgbọ́n bá tú u sí Yorùbá: "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ kí a di ẹgbẹ́." Yéè! Ẹ fò dìde. "Ẹgbẹ́ ta ni? Ìwọ tí wọ́n sọ lórúkọ níṣojú mi! Jáde ní ulé mi!" Ìyá Mofẹ́, aya yín, rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Àwọn náà ló parí ìjà. Wọ́n ní, "Bàbá Mofẹ́, bí kò bá lè jẹ́ ẹgbẹ́, ṣé kò lè jẹ́ àbúrò ni? Àbúrò wo ló ń gba Èkó kí ó tó wọlé ẹ̀gbọ́n rẹ̀?" Ẹ jẹ iyán yín tán, ẹ fọwọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀yin fúnra yín lẹ gun àkàbà, ẹ ń na wáyà kọjá títì, ẹ sì ń jágbe mọ́ mi: "Àbúrò, dì í mú dáadáa! Ṣé o ò jẹun ni?" Inú mi dùn dé ìsàlẹ̀ ikùn. Ẹ̀kọ́ ń dé wéré, àwọn oníbàárà mi sì padà.

Nígbà tí àìsàn dé, mo wá jókòó tì yín. Mo sọ fún yín pé ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì ní Òde-Èkìtì ń bẹ̀ mí kí a so wáyà tirẹ̀ mọ́ tiwa, ṣùgbọ́n ó kéré jù, kí ó lọ dàgbà ná. Ẹ wò mí. Ẹ rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé yín. Ẹ ní, "Táyọ̀, ta ló fi ọ́ jẹ ẹ̀gbọ́n?"

A ti so ó pọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Wáyà rẹ̀ ti kan tiwa, àwọn ọmọ ibẹ̀ ń kàwé. Ẹ sùn re o, ẹ sùn tayọ̀tayọ̀. Ilẹ̀kùn tí ẹ ṣí, ẹnì kankan ò ní tì í.