Ọjọ́ Tí Mo Gun Kẹ̀kẹ́ Kọjá Ilé Wa

Ó ti rẹ̀ mí láti máa gbọ́ ìtàn náà. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, ìyá mi tún ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù mi l'Ẹ́dẹ, níbi tí mo ti ń lẹ túùbù fún àwọn ọlọ́kadà. Ọlọ́kadà kan tó fẹ́ kí n tètè bá òun ṣe táyà kí òun máa bá tòun lọ ni ìyá mi mú mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n nígbà náà, kò tíì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí wọ́n ti ọsibítù dé, oògùn wọn àti kọ́ọ̀pù omi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Èmi dorí kọ táyà, mo ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ohun tí ìyá mi máa ń sọ nìyí: pé nígbà tí ọmọ àwọn ń gun kẹ̀kẹ́ eré ìje, tí eré náà gba Ẹdẹ kọjá, ọmọ àwọn ló wà níwájú gbogbo wọn, jẹ́sì yẹ́lò sì wà lọ́rùn rẹ̀. Síbẹ̀, bó ṣe rí àwọn lẹ́bàá títì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, ó gba omi lọ́wọ́ àwọn mu, kó tó máa lọ. Wọ́n á wá fi kún un pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Irọ́ ni. Èmi ni ọmọ náà, mi ò sì sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo àgbà àdúgbò wa tó dúró lẹ́bàá títì lọ́jọ́ náà ló mọ̀ pé mi ò sọ̀ kalẹ̀, àmọ́ kò sí ọ̀kan nínú wọn tó já ìyá mi nírọ́ rí. Wọ́n á ní, bẹ́ẹ̀ ni, ìyá, wọ́n á sì máa wo ibòmíràn. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí a ti ń bá a bọ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Èmi ò mọ èyí tó rẹ̀ jù nínú irọ́ àti òtítọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó rẹ èmi.

Tí mo bá ní kẹ̀kẹ́ lónìí, Márúwá làwọn ọmọ ìsinsìnyí máa rò. Ológeere ni tiwa, àmọ́ ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó fúyẹ́, ọwọ́ kan la fi ń gbé e. Eré ọlọ́jọ́ márùn-ún ni. Láti ìlú kan sí ìlú kejì lójúmọ́, wọ́n á kọ àkókò tí olúkúlùkù lò sílẹ̀, wọ́n á rò ó pọ̀ mọ́ ti àná. Ẹni tí tirẹ̀ bá kéré jù ló máa wọ jẹ́sì yẹ́lò, ẹni tó bá sì wọ̀ ọ́ parí ọjọ́ karùn-ún ló gba ife. Iṣẹ́ wa nìyẹn, òun la fi ń jẹun. Ìyá mi, tí wọ́n jẹ́ aránṣọ, ló máa ń rán tìmùtìmù sínú ṣòkòtò tí mo fi ń gun ún kí ìdí mi má baà bó. Wọ́n máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé nínú gbogbo oníbàárà àwọn, èmi nìkan ni àwọn ń rán tìmùtìmù fún ìdí rẹ̀.

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ ọmọ Ìwó, ẹgbẹ́ mi ni lọ́jọ́ orí. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ń gba ife, tí èmi ń ṣe ipò kejì. Ẹni tí kò bá ṣe ipò kejì rí, kó má dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó tún ń bí mi nínú ni pé kò gbéra ga. Bí séènì mi bá já lójú ọ̀nà, á dẹwọ́ eré títí màá fi tún un ṣe, á wá gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, á sì nà mí bó ṣe máa nà mí. Mo kórìíra sùúrù yẹn ju nínà lọ. Ó ń ṣe mí bíi pé ó ń ṣàánú mi.

Àṣà kan wà láàárín àwa tí a ń gun kẹ̀kẹ́ yìí, tí kò sí nínú ìwé òfin kankan. Bí a bá ti fẹ́ wọ ìlú tí wọ́n ti bí ọ̀kan nínú wa, ẹni náà á nawọ́ sókè, á ní, "Ilé yá o." Àwa yòókù á dẹwọ́ eré. Òun á ṣíwájú, á sọ̀ kalẹ̀ níbi tí àwọn èèyàn rẹ̀ dúró sí, á dọ̀bálẹ̀, á gba omi lọ́wọ́ wọn mu. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sáré títí tó fi máa padà gorí kẹ̀kẹ́. Ọmọ wo ló máa wà lórí kẹ̀kẹ́ kí ìyá rẹ̀? A ò jíròrò rẹ̀ rí. Gbogbo wa kàn mọ̀ ọ́n ni.

Lọ́jọ́ kẹrin eré tí mò ń sọ, a kúrò n'Íbàdàn, a gba Ìwó, Òṣogbo la máa sùn. Ọkùnrin náà ló wọ jẹ́sì, kò sì fi ju ìṣẹ́jú kan lọ ṣáájú mi. Nígbà tó kù díẹ̀ ká wọ Ìwó, ó nawọ́ sókè, ó ní ilé yá. A dẹwọ́. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí àga lẹ́bàá títì. Ojú ìyá náà ti fọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń wá ojú ọmọ wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúà. Àdúà náà gùn, ó gùn, ó gùn. Ọmọ wọn dojú bolẹ̀, ó ń ṣe àmín. Àwa ń yí ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́, òòrùn ń pa wá, àwọn kan tiẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ lọ tọ̀. Mo wo jẹ́sì yẹn lẹ́yìn rẹ̀ níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí. Mo rántí ọdún mẹ́ta. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹni tó bá ń sáré ìje kì í ṣe àdúà gígùn. Mo dìde lórí ìjókòó, mo fi gbogbo agbára tẹ kẹ̀kẹ́, mo sì lọ.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ké lẹ́yìn mi. Mi ò wẹ̀yìn.

Ní Òṣogbo, èmi ni wọ́n wọ jẹ́sì fún, pẹ̀lú ìṣẹ́jú méjì níwájú. Kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ. Ẹni tó dàgbà jù nínú wa gbé àwo rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó lọ jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Nígbà tó ṣe, ọmọ Ìwó yẹn wá bá mi. Mo ti múra ìjà. Ó ní, "Ìyá mi ní kí n kí ọ. Gbogbo wa ni wọ́n ń ṣàdúà yẹn fún, òun ló jẹ́ kó pẹ́." Ó yí padà, ó lọ. Ì bá tiẹ̀ gbá mi létí.

Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni eré parí. Òṣogbo sí Iléṣà ni, a máa gba Ẹdẹ, ká gba Sekona, ká wọ Ifẹ̀, ká tó lọ fi òkè Iléṣà parí rẹ̀. Ìyá mi ti pè mí lórí fóònù láàárọ̀ pé àwọn ti rán bùbá tuntun, pé gbogbo agbo ilé ló máa jáde. Mo ní mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Ohun tí mo ṣe n'Íwòó, kí ló dé tí wọn ò ní ṣe é fún mi l'Ẹ́dẹ? Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀, jẹ́sì lọ nìyẹn. Nígbà tí a sún mọ́ ìlú, mi ò nawọ́ sókè. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo sá.

Mo rí ìyá mi lọ́ọ̀ọ́kán. Bùbá náà funfun. Kọ́ọ̀pù wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ti ń gbé ẹsẹ̀ kan síwájú nítorí wọ́n rò pé mò ń bọ̀ wá dúró. Nígbà tí wọ́n rí i pé mi ò dẹwọ́, wọ́n na kọ́ọ̀pù náà sí mi, omi ń dà sí wọn lọ́wọ́. Mo kọjá. Mo sún mọ́ wọn débi pé mo gbọ́ òórùn ìpara wọn.

Nígbà tí mo dé Sekona, mo wẹ̀yìn, ọ̀nà ṣófo. Inú mi dùn, òpònú tí mo jẹ́. Mo rò pé ẹsẹ̀ mi ló le.

Ìgbà tí a parí eré ní Iléṣà ni àgbà wa yẹn wá sọ fún mi ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mi. Ó ní bí mo ṣe kọjá, ọmọ Ìwó nawọ́ sókè, ó ní ilé yá. Wọ́n ní ilé ta ni? Ó sọ̀ kalẹ̀ níwájú ìyá mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Iṣẹ́ ló ń lé e. Èmi ni mo bá a kí yín." Ó gba omi náà, ó mu ún. Gbogbo wọn fẹsẹ̀ tilẹ̀, wọ́n dúró dè é títí ìyá mi fi ṣàdúà tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lé mi. Lórí òkè Iléṣà, díẹ̀ ló kù kó bá mi. Ìwọ̀nba àkókò tó fi dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi ni mo fi gba ife.

Mo gbé ife náà délé. Ìyá mi gbà á, wọ́n nù ún, wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún oníbàárà kan pé ọmọ àwọn sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. Mo rò pé wọ́n ń bo àṣírí mi ni. Mo dákẹ́, ìdákẹ́ náà sì di bárakú. Kò pẹ́ tí orúnkún mi fi bàjẹ́, tí mo fi eré sílẹ̀, tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù. Inú ife yẹn ni mò ń kó nọ́ọ̀tì sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyá mi ò tíì sọ ìtàn tán fún ọlọ́kadà yẹn nígbà tí ọkọ̀ kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin kan tó ti ń hewú sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ Ìwó ni. A ò tíì ríra láti ìgbà yẹn. Ó gbọ́ pé ara ìyá mi ò yá, ló bá wá kí wọn. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ tí ọ́ìlì ti bàjẹ́ yẹn, kò wo aṣọ rẹ̀. Ó ní ìyá tòun ti kú lọ́dún tó kọjá. Ìyá mi bá a kẹ́dùn dáadáa. Wọ́n wá tún bẹ̀rẹ̀: ọmọ mi sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó gba omi mu lọ́wọ́ mi. Wọ́n sọ ọ́ tán, wọ́n kọjú sí i.

"Ṣé o wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà?"

Mi ò lè gbé orí kúrò lórí táyà.

"Mo wà níbẹ̀, mà. Mo fi ojú mi rí i."

Ó fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó méjì tó rà fún wọn sílẹ̀, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó wọkọ̀, ó lọ. Ìyá mi ń wo ẹ̀yìn ọkọ̀ náà títí ó fi yà.

Wọ́n ní, "Ó tún dúró dè ọ́."

Wọn ò bínú. Ohùn ẹni tó ti rẹ̀ ni wọ́n fi bi mí pé, "Ìgbà wo ni ìwọ máa sọ̀ kalẹ̀?"

Ó dùn mí ju gbogbo òkè tí mo gùn rí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò pé wọ́n ń bò mí láṣìírí, àṣé ńṣe ni wọ́n ń sọ ọ́ létí mi, tí wọ́n ń retí kí n dá a dúró. Mo ju táyà sílẹ̀. Mo sọ fún ọlọ́kadà yẹn pé irọ́ ni ohun tó gbọ́, pé ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ yẹn ló kí ìyá mi, èmi kọjá ni. Ó ń wò mí bí ẹni tí nǹkan ṣe. Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú bẹ́ǹṣì, orúnkún mi ké, mo fi àyà lélẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú ilé, mà. Ẹ dárí jì mí."

Nígbà tí mo gbójú sókè, wọ́n ti gbé kọ́ọ̀pù omi oògùn wọn, wọ́n nà án sí mi.

"Gbà á," ni wọ́n wí. "Ọwọ́ ti ń ro mí tipẹ́."

Mo gbà á, mo mu ún tán.