Wọ́n Wó Ilé Maesiola Kí Orin Rẹ̀ Lè Rílé Gbé

Maesiola kú lọ́sẹ̀ tó kọjá, lábẹ́ tapólì, nínú òjò, ní Honiara, olú-ìlú wa yìí. Òtútù àyà ló pa á. Ẹ má sunkún, ẹ̀yin èèyàn mi: ìjọba ti kọ́lé tí kò jò fún orin rẹ̀.

Lauburi, àdúgbò àwọn tó ń ru ẹrù ní èbúté, ni orin ọparun ti jáde. Àwọn ará oríṣiríṣi erékùṣù ló há síbẹ̀, wọn ò gbọ́ èdè ara wọn. Ta ló fẹ́ rówó gìtá? Ọparun tó ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n ń kọ́lé ni wọ́n dì pọ̀, sílípáàsì rọ́bà tó ti jẹ tán lẹ́sẹ̀ wọn ni wọ́n fi ń gbá ẹnu rẹ̀. Ògiri wọn fẹ́lẹ́ débi pé bí Maesiola, àgbà olórin wọn, bá bẹ̀rẹ̀ sí í lù nírọ̀lẹ́, aládùúgbò á máa gbè é lórí ibùsùn. Mo gbé láàárín wọn. Ẹsẹ̀ àlejò ni Maesiola máa ń kọ́kọ́ wò kó tó wo ojú rẹ̀.

"Àbúrò, sílípáàsì rẹ yẹn mà ti gbó dáadáa o! Má sọ ọ́ nù, mú un wá."

Nígbà tí orin náà dé òkèèrè, àwọn ọ̀gá ìjọba rántí Lauburi. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn fún un, níbo ló sì tún yẹ bí kò ṣe ibi tí wọ́n bí i sí? Katakata dé lásìkò òjò, ó wó ilé àwọn èèyàn. Wọ́n ṣèlérí ilé mìíràn, wọ́n ní kí àwọn tílé wọn wó ṣì máa gbé abẹ́ tapólì ná. Wọ́n ti kan òrùlé gbọ̀ngàn tán báyìí. Ilé ò tíì dé.

Níbi ìsìnkú, ọ̀gá kan láti iléeṣẹ́ àṣà tọ Afunia, ìyàwó olóògbé, lọ.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, sílípáàsì baba la wá gbà. Inú gíláàsì la máa gbé e sí, omi ò ní kàn án."

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ṣé kò wá sáyè fún baba fúnra rẹ̀ nínú gíláàsì yẹn ni?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó gbé e lọ. Ó pín sílípáàsì tuntun fún ẹgbẹ́ olórin. Rọ́bà náà le gbagidi, ọparun ò dún. Àwa tá a wá sìnkú la bọ́ tẹsẹ̀ wa fún wọn. Ẹsẹ̀ lásán la fi sin Maesiola, inú sì ń bí mi di ìsinsìnyí.

Ta ló ní kí katakata wọ Lauburi? A fẹ́ orúkọ rẹ̀. Afunia ṣì ń sùn lábẹ́ tapólì yẹn, lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Kí onítọ̀hún wá bá a níbẹ̀, kó mú kọ́kọ́rọ́ ilé dání. Bí kò bá wá, kò sẹ́ni tó máa lu ọparun lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń ṣí gbọ̀ngàn yín. Ẹ fi bàtà aláwọ yín gbá a, ká gbọ́.