Pápá Koríko Tó Ti Jẹ́ Òkun Rí

Òórùn ilẹ̀ tútù ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nígbà tí mo wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ yẹn ní Hamburg, bí ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀. Òkúta ló wà lórí àwọn tábìlì, wọ́n rí roboto, wọ́n gùn bí ọmọ odó. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi gbẹ́ wọn jáde lábẹ́ pápá koríko kan ní Kánádà. Ọmọbìnrin mi tí mo bí sí Berlin ló ń kọ́ nípa ilẹ̀ àti òkúta níbẹ̀, Kánádà yẹn gan-an ló sì fẹ́ lọ fún ọdún mẹ́rin. Èmi ò fẹ́. Bàbá rẹ̀ ti kú, òun nìkan ni mo sì ní.

Mi ò sọ fún un pé mò ń bọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni mo gbéra láti Märkisches Viertel, àdúgbò tí mò ń gbé ní Berlin, mi ò sì lè jókòó jẹ́ẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin. Mo dìde, mo jókòó, mo tún lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ṣe ni mò ń tọwọ́ bọ àpò láti mọ̀ bóyá ìwé ìrìnnà rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ní kí n fi í ránṣẹ́ sí òun láti ilé. Mo ní mi ò rí i. Irọ́ ni, ọ̀rẹ́ mi. Abẹ́ Bíbélì mi ló wà. Títí ọkọ̀ fi dúró, mi ò mọ̀ bóyá mà á fún un tàbí mà á gbé e padà sílé.

Ó ń bá àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí mo wọlé, mo bá jókòó sẹ́yìn. Èdè Jámánì ló ń sọ. Ó ní òkun ni gbogbo pápá yẹn nígbà kan, ó sì na ìkarahun kan tó ti di òkúta sókè kí wọ́n rí i. Omi fà sẹ́yìn, igbó àti ẹrẹ̀ gba ibẹ̀, àwọn ẹranko tó ga ju ilé lọ rìn kọjá. Ó pẹ́, ó pẹ́ gan-an, kí yìnyín tó nípọn bí òkè tó dé, tó lọ ilẹ̀ náà pẹrẹsẹ, kó tó yọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni koríko tó hù. Mò ń mi ẹsẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Mi ò gbọ́ kó sọ̀rọ̀ báyẹn rí. “Ẹ̀kọ́ òkúta” ni mo máa ń pe ohun tó ń kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí àwọn ìyá ẹgbẹ́ mi lè bá mi rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n túká, ó wá kúnlẹ̀ kí mi.

“Mọ́mì, ṣé kò sí o?”

Mo fi ìwé náà lé e lọ́wọ́. “Ọwọ́ mi ló wà. Mo purọ́ fún ẹ.”

Kò ṣí i wò. “Mo mọ̀. Mo ti lọ sọ ní ọ́fíìsì ìjọba, ní Bürgeramt, pé ó sọ nù. Tuntun ti jáde.”

“Kí ló dé tí o ò bá mi jà?”

“Ẹ máa sunkún,” ló wí. Ó wá rọra fi kún un pé, “Ich auch.” Òun náà.

Ó lọ lóṣù tó tẹ̀ lé e. Mo ti máa ń rò pé èmi ni mò ń ṣọ́ ọ. Àṣé òun ló ń bo àṣírí mi ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, tí kò dójú tì mí. Ara mi ò tíì balẹ̀ títí dòní. Bó bá pẹ́ kó tó pè, ṣe ni mà á máa rìn kiri nínú ilé. Ṣùgbọ́n tó bá pè, mi ò bi í mọ́ pé ìgbà wo ló ń bọ̀. Mo máa ń bi í pé kí ni wọ́n gbẹ́ jáde lónìí, mà á sì jókòó, mà á gbọ́ ọ délẹ̀.