Ahọ́n Ìyá Mi àti Máńgòrò Gbígbẹ

Ìyá mi kì í ra àpò máńgòrò gbígbẹ láìtọ́ ọ wò. Láti ìgbà tó ti kúrò ní Ṣakí wá sí Abidjan, èso gbígbẹ ló ń tà lọ́jà Adjamé: máńgòrò, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ìbẹ́pẹ, àgbọn, àti dàbínù nígbà ààwẹ̀. Bí ẹrù bá dé láti Korhogo, àwọn oníṣòwò yòókù á máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á máa gbóòórùn rẹ̀. Ìyá mi á fa ègé kan yọ láti ìsàlẹ̀ àpò, á jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, á wá sọ fún ẹni tó gbẹ́rù wá pé, "Òjò pa èyí kó tó gbẹ. Gbé e padà." Onítọ̀hún á búra títí, á sì gbé e padà. Ìgbéraga wà nínú rẹ̀, mo gbà, ṣùgbọ́n ó tọ́ sí i.

Ó mọ ohun tí èso kọ̀ọ̀kan ń ṣe lára. Ẹni tí kò bá rí ìgbẹ́ yà, ó ní kó rẹ máńgòrò sómi mọ́jú, kó mu omi rẹ̀, kó sì jẹ ẹran rẹ̀. Àwọn awakọ̀ gbákà, bọ́ọ̀sì kékeré tó ń kérò nígboro, tí kò ráyè jẹun, àgbọn ló ń tà fún wọn. Àwọn ìyá ọlọ́mọ á ra ìbẹ́pẹ, wọ́n á sè é mọ́ ògì títí yóò fi rọ̀, dípò ṣúgà. Bí oníbàárà bá sì ń ṣiyèméjì, ohun kan náà ló máa ń sọ fún un: "C'est sans sucre, ma fille!" Pé kò sí ṣúgà níbẹ̀, Ọlọ́run nìkan ló fi adùn sí i.

Lọ́dún tí dókítà sọ pé ó ní àtọ̀gbẹ, ó gba òfin tí wọ́n fún un ní kíliníìkì tọwọ́tẹsẹ̀. Ó yọ ṣúgà kúrò nínú tíì, ó dín ìrẹsì kù. Síbẹ̀ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò wálẹ̀, egbò kékeré kan sì wà ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kọ̀ tí kò jinná. Wọ́n ti ń mẹ́nu ba gígé ìka náà. Ẹ̀rù bà mí. Mo ń bínú sí oògùn, mo ń bínú sí dókítà, títí mo fi lọ jókòó tì í ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí ẹrù dé. Ó tọ́ àpò kan wò, ó tọ́ òmíràn wò. Kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán, ohun tó ti wọ ikùn rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

"Màámi, máńgòrò tí ẹ ń jẹ yìí ńkọ́?"

"Jẹ kẹ̀? Mo ń tọ́ ọ wò ni. Iṣẹ́ ni. Sans sucre sì ni."

Mo wojú rẹ̀ bóyá ó ń ṣàwàdà. Kò ṣàwàdà rárá. Ó ti polówó ọjà náà fáyé títí òun fúnra rẹ̀ fi rà á.

Nígbà tí a padà sí kíliníìkì, dókítà, ọ̀dọ́bìnrin kan tí mo lè pè ní àbúrò, fara balẹ̀ ṣàlàyé fún un. Omi nìkan ni oòrùn ń gbà lára èso. Ṣúgà tí Ọlọ́run fi síbẹ̀ kò lọ síbì kankan. Ègé díẹ̀ ti tó odidi máńgòrò. Ẹni tí ara rẹ̀ le lè jẹ ẹ́ níwọ̀nba, ó dára fún ìfun. Ní ti ìyá mi, kó jẹ ègé kékeré lẹ́yìn oúnjẹ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó sì jáwọ́ nínú títọ́ àpò wò.

Inú taksí ló ti tó sọ̀rọ̀. "Bí mi ò bá tọ́ ọ wò, kí ni mo wá ń ṣe lọ́jà?"

Ó dùn mí, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe wọ̀bìà ló ń ṣe é.

Nígbà tí ẹrù mìíràn dé, èmi ló ní kí n tọ́ ọ wò. Mo jẹ ẹ́, mo ní ó dùn.

"Ta ló bi ọ́ bóyá ó dùn? Ṣúgà náà dùn. Kí ló kọ́kọ́ bá ọ lẹ́nu? Kí ló kẹ́yìn?"

Mo ń kálòlò. Ó ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àpò tí mo yàn kò dára, ó sì pẹ́ kó tó tà. Díẹ̀díẹ̀ ni ahọ́n mi ń kọ́ṣẹ́. Òun náà ti yí ìpolówó rẹ̀ padà: ó máa ń kọ́kọ́ béèrè bóyá alátọ̀gbẹ wà nílé oníbàárà. Àwọn kan máa ń lọ láìrà á. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wálẹ̀, egbò náà ti jinná, ìka náà sì wà níbẹ̀.

Láìpẹ́ yìí, mo tọ́ àpò kan wò, mo ní, "Màámi, ó kọ́kọ́ kan lẹ́nu díẹ̀, adùn rẹ̀ wá rọra tẹ̀lé e. Ó ń ta sánsán bí ewé máńgòrò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já."

Ó ní kí n rà á. Mo wá rí i tí ẹnu rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń jẹun, kò sì sí nǹkan kan níbẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé n kò lè wò ó.

"Ṣé ó ṣì wà lẹ́nu rẹ?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Má tètè gbé e mì."