Iná Lórí Ilẹ̀ Tó Dì

Ohun tí Torborg kọ́kọ́ mọ̀ láyé, kí ó tó mọ orúkọ ara rẹ̀ pàápàá, ni igbe adágún. Bí òtútù bá ti wọ omi náà lára tán, yìnyín orí rẹ̀ a ya láti èbúté kan dé èkejì, a sì ké bí màlúù tó ń rọbí. Bàbá rẹ̀ a ní, "Sùn jàre, omi ló ń yí ẹ̀gbẹ́ padà." Ọmọ náà kì í sùn. Bí ó ṣe dàgbà nìyẹn, ẹni tí ìgbà òtútù kì í bá lójú oorun.

Ọ̀dọ̀ Halvor, ọkọ rẹ̀, nìkan ni oorun ti rí i mú. Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà tutù bí ẹja. Lálaalẹ́ ni yóò nà án lé ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀, Torborg a pariwo, àwọn méjèèjì a rẹ́rìn-ín, oorun a sì gbé wọn lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn Kérésìmesì, ẹsẹ̀ náà ṣì wà lórí tirẹ̀, ó ṣì tutù, ṣùgbọ́n Halvor ti lọ.

Ní àríwá Minnesota níbi tí wọ́n ń gbé, ẹni tó bá kú nígbà òtútù kì í wọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí ilẹ̀ ti le bí irin. Wọ́n á ṣe ìsìn, wọ́n á kọrin, wọ́n á mu kọfí, wọ́n á wá gbé pósí náà sí ilé olókùúta kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì títí ilẹ̀ yóò fi rọ̀. Torborg fúnra rẹ̀ ti fi ọ̀rọ̀ yìí tu opó nínú rí. Ìgbà tó kan òun ni ọ̀rọ̀ náà korò.

Kò lè jókòó. Bí ó bá dáná tí ara rẹ̀ móoru, ọkàn rẹ̀ a dá a lẹ́bi, torí ibi tí Halvor wà kò ní ààrò. Bí ó bá jẹ́ kí iná kú, a máa rìn láti ojú fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà, láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé. Pásítọ̀ wá gbàdúrà. Torborg ṣe àmín, kò sì rántí ohun tó ṣe àmín sí.

Ó lọ bá Sverre, àbúrò Halvor, ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀ òkú fún ìjọ. Àwọ̀n ẹja ló ń tún ṣe nínú ilé ìdáná rẹ̀.

"Sverre, gbẹ́lẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ."

"Ẹ jókòó ná, ìyàwó wa. Ẹ mu kọfí."

"Kọfí kọ́ ni mo wá mu."

"Ṣọ́bìrì wo ni kí n fi gbẹ́ ẹ? Ilẹ̀ yẹn á kàn fi mí ṣẹ̀sín ni."

"Àwọn bàbá yín máa ń dáná lé e títí á fi yọ́."

Sverre bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ọ̀dùnkún ni ilẹ̀ ni, tí ẹ fẹ́ sun ún? Àwọn bàbá wa náà ló kọ́ ilé olókùúta yẹn nígbà tí iná dídá sú wọn. Ẹ ṣe sùúrù. Tí yìnyín bá ti kúrò lójú adágún..."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ń gan nínú òtútù, ìwọ ń bá mi sọ̀rọ̀ adágún!"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Sverre. "Ìyàwó wa, òtútù ò mú ẹ̀gbọ́n mi mọ́." Ṣùgbọ́n Torborg ti jáde.

Ní ọjọ́ kejì ó di igi ìdáná lé pátákó tí wọ́n fi ń fa ẹrù lórí yìnyín, ó fà á dé itẹ́ òkú. Igi tí Halvor là fúnra rẹ̀ nígbà ooru ni, tó tò kan òrùlé àká, tó ní yóò gbé àwọn dé ìgbà tí ewé bá rú. Torborg gbá yìnyín kúrò lórí ilẹ̀ ìdílé wọn, ó sì ṣáná sí i. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ẹrẹ̀ tí kò jìn ju ìka ọwọ́ lọ ló rí. Ní òwúrọ̀, ẹrẹ̀ náà ti dì padà, ó ń dán bí díńgí, ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó tún lọ kó igi wá. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lójoojúmọ́, tí àká ń ṣófo, tí òun fúnra rẹ̀ ń fi ẹ̀wù òtútù sùn nílé. Gbogbo abúlé ń rí èéfín náà, wọ́n ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Màmá Ragna nìkan ni kò gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Arúgbó náà, tó ti di opó tipẹ́, tẹ̀pá dé itẹ́ òkú pẹ̀lú ìgò kọfí tó fi ìbọ̀sẹ̀ wé.

"O kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹran lò ń yan ni?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀."

"Mi ò lè fi ẹ́ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ń ro mí, iná rẹ sì dáa." Ó jókòó lé orí igi. "Òkú bàbá àwọn ọmọ mi lo gbogbo ìgbà òtútù nínú ilé olókùúta yẹn. Ọkùnrin tí kì í lè jókòó jẹun tán! Mo ní, wò ó, o ti ríbi tí wàá ti farabalẹ̀."

Ẹ̀rín já mọ́ Torborg lẹ́nu, ó sì di ẹkún. "Mi ò tíì sin ín, Màmá. Mo fi ìsìnkú ọkọ mi sílẹ̀ láàbọ̀."

Ragna fi ọ̀pá rẹ̀ ti igi kan sínú iná.

"Àwọn obìnrin tó tẹ̀lé Jésù ńkọ́? Ibojì oníbojì ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, kíákíá, ilẹ̀ ń ṣú lọ. Òróró wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò ráyè fi kùn ún, ọjọ́ ìsinmi dé. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n lọ jókòó sílé. Láàbọ̀ ni àwọn náà fi í sílẹ̀. O rò pé wọ́n sùn?"

"Wọn ò ní lè sùn."

"Èmi náà ò rò ó. Ṣùgbọ́n àwọn kọ́ ló ṣọ́ ọ mọ́jú, Ọlọ́run ni. Ẹni tó ti sùn nínú òkúta tútù rí kò ní gbàgbé Halvor níbẹ̀. Ìgbà òtútù ni ọjọ́ ìsinmi tiwa, ọmọ mi. Ó ṣòro pa mọ́."

"Tí mi ò bá lè sinmi ńkọ́?"

"Máa jókòó láìsinmi. Àmọ́ ilé ni kí o jókòó sí, níbi tí ààrò wà. Mu kọfí rẹ."

Torborg mu ún. Ó wo ilé olókùúta náà, ó sì sọ̀rọ̀ sí Ọlọ́run fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìn: "Olúwa, mo fi í lé ọ lọ́wọ́ títí ilẹ̀ á fi rọ̀. Ó ń dùn mí o." Ohùn ara rẹ̀ nìkan ló gbọ́. Síbẹ̀ kò ju igi mìíràn sínú iná.

Ó fa igi tó kù padà sílé. Lọ́nà, ẹ̀ẹ̀mejì ló dúró tó bojú wẹ̀yìn wo èéfín tó ń tín-ín-rín lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ló tún di okùn pátákó náà mú. Nínú àká, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to igi náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kọjú èèpo wọn sókè, ó fi wẹ́wẹ́ há àárín àwọn ńlá. Ìpele kan wó, ó tún un tò. Nígbà tó gbé èyí tó kẹ́yìn lé e, ó gbọn èérún igi kúrò lápá rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.